Ta Ló Kọ́ Wa Pé "Bus" Ni Bọ́ọ̀sì? Ìtàn Fáwẹ̀lì Kékeré Kan, Láti Freetown Dé Chicago

   Òtútù Chicago ti tún gbé ìṣe rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòní á mú ara yín gbóná díẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ṣe fídíò lórí ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn nọ́ọ̀sì tó kàwé lókè òkun máa ń ṣe kí wọ́n tó gba físà iṣẹ́ wá síbí, ìbéèrè kan náà lẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, báwo ni mo ṣe lè pe blood, lung, gut, pulse bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀?" Ẹlòmíì ní ọ̀gá òun ní kí òun lọ sanwó kíláàsì tí wọ́n ti ń bá àjèjì yí ohùn padà. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wọn, fáwẹ̀lì kúkúrú tó wà nínú cup àti bus. Iṣẹ́ tiwa yìí sì kún fún un: blood, lung, gut, pulse, tongue, thumb, stomach, muscle, ulcer, drug, numb, pump. Nọ́ọ̀sì wo ló lè ṣe wákàtí kan lẹ́nu iṣẹ́ láì pè é?

Mo máa sọ bí wọ́n ṣe ń pè é kí n tó parí. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ti gbà pé ahọ́n Yorùbá ló wúwo. Wọ́n ní nítorí pé a ò lè pe fáwẹ̀lì yẹn ni a ṣe ń fi ọ dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ara wa. Bus di bọ́ọ̀sì. Butter di bọ́tà. Rubber di rọ́bà, bucket di bọ́kẹ́ẹ̀tì, button di bọ́tìnì, drum di dúrọ́ọ̀mù, number di nọ́ńbà, brush di búrọ́ọ̀ṣì. Monday, Mọ́ńdè. London, Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rí i pé a ò yẹsẹ̀ rárá: ibi tí fáwẹ̀lì yẹn bá ti wà, ọ la fi sí i. Ó yá, ẹ rékọjá sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó ń sọ Swahili náà gba bus lọ́wọ́ Òyìnbó, wọ́n sọ ọ́ di basi. Àwọn Hausa gba pump, wọ́n sọ ọ́ di famfo. Àwọn gbọ́ a, àwa gbọ́ ọ.

Ẹnìkan á ní, "Àǹtí, ohun tó wà nínú èdè kálukú ló fà á." Òótọ́ ni fún Swahili àti Hausa, torí àwọn méjèèjì ò ní ọ, i, e, a, o, u ni tiwọn. Ṣùgbọ́n àwa ní a, a sì tún ní ọ. Méje ni fáwẹ̀lì àìránmúpè wa: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Bí ẹ bá sì tẹ́tí sí ará Lọ́ńdọ̀nù òde òní tó ń pe cup, ẹ̀yin náà á gbọ́ ọ pé ó sún mọ́ a ju ọ lọ. Kí ló wá dé tí àwọn baba wa, tí wọ́n ní méjèèjì lẹ́nu, fi a sílẹ̀ tí wọ́n mú ọ? Ìbéèrè yìí gba oorun lójú mi fún ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé oorun ò pọ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀.

Apá kan ìdáhùn wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ní nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, fáwẹ̀lì yìí ò tiẹ̀ sí. U lásán ló wà níbẹ̀, u tó jọ tiwa. Put àti but ń dún bákan náà. Ìgbà tó di àárín ọdún 1600 sí 1700 ni àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín u yẹn sí méjì. Wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ síbi tó wà, òun ló wà nínú put, full àti bush. Wọ́n tú ètè sílẹ̀ fún èkejì, ó sì wálẹ̀ lẹ́nu, òun ló wà nínú but, cut àti bus. Kò sí òfin kan tó ṣàlàyé dáadáa ìdí tí put fi lọ sí apá kan tí but lọ sí ìkejì. Ẹ má ṣe wá a, ẹ kàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò bá wọn dá sí ìpín yẹn. Títí di òní, bí ẹ bá dé Leeds tàbí Manchester, u ni wọ́n fi ń pe bus. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí Òyìnbó fi ń pe ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ní kó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Leeds, kó padà wá sọ fún wa.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi fáwẹ̀lì yìí ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́ kó tó kan tiwa. Samuel Johnson, ọ̀mọ̀wé ńlá tí ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ará Lichfield ni. Ó gbé u ìlú rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù, David Garrick tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan, tó wá di gbajúmọ̀ òṣèré, sì máa ń sín in jẹ nípa bó ṣe ń pe punch. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó kọ ìwé atúmọ̀ èdè! Ní 1761, Thomas Sheridan, òṣèré ọmọ Ireland, ń kọ́ àwọn èèyàn pàtàkì ìlú Edinburgh bí wọ́n á ṣe máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń sanwó fún un. Ọmọ Ireland ń kọ́ ọmọ Scotland ní ohùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1791, John Walker gbé ìwé atúmọ̀ ìpè tirẹ̀ jáde, ó sì kọ òfin síbẹ̀ fún àwọn ará Scotland, fún àwọn ará Ireland, àti fún àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn. Kíláàsì ohùn tí ọ̀gá yín ní kí ẹ lọ yìí, ó ti tó ọdún 260 tí wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ jẹun.

Àti lẹ́tà o tó wà nínú son, month, come àti love náà, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. U ni wọ́n ń pè níbẹ̀ látijọ́. Àwọn akọ̀wé ayé ìgbà yẹn rí i pé bí u bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ m tàbí n tàbí v, gbogbo rẹ̀ á dà bí igi ọgbà tó tò tẹ̀lé ara, ojú ò ní lè yà á sọ́tọ̀. Wọ́n wá fi o rọ́pò u kí ìwé lè ṣeé kà. Ọmọ iléèwé ní Ìlọrin tàbí Abẹ́òkúta tó bá rí o yẹn, tó sì pè é ní ọ, ojú rẹ̀ ló gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú apá yìí rèé. Nígbà tí u yẹn kúrò níbi tó wà, kò fò lọ sí ọ̀dọ̀ a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn ẹnu ló kọ́kọ́ wà, nítòsí ọ, àfi pé ètè ò ká. Àmì tí àwọn onímọ̀ ìró fi ń kọ ọ́ títí di òní, èyí tó dà bíi V tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, àmì fáwẹ̀lì ẹ̀yìn ẹnu ni. Láàárín ọdún 1900 sí 2000 ló túbọ̀ rìn síwájú lẹ́nu àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi ń dún bí ẹni pé a ni. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn Òyìnbó míṣọ́nnárì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, cup tó wà lẹ́nu wọn sún mọ́ kọ́ọ̀pù wa ju ti òní lọ. Etí àwọn baba wa ò di. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, èyí ò tẹ́ mi lọ́rùn tán, torí kì í ṣe ẹnu Òyìnbó ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn baba wa ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu Sàró ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Freetown. Ní 1792, ọkọ̀ ojú omi 15 gbéra láti Halifax ní Nova Scotia, nílẹ̀ Kánádà, wọ́n kó nǹkan bí 1,200 ènìyàn dúdú lọ sí Sierra Leone. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá: ẹrú ni wọ́n ní Virginia, ní Carolina àti láwọn ibòmíì, wọ́n sá lọ bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà nítorí ìlérí òmìnira. Ní 1800, àwọn Maroon láti Jàmáíkà dé bá wọn. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn méjèèjì ń sọ ti pẹ́ lẹ́nu ènìyàn dúdú, ti oko ìrèké àti oko tábà, ó ti yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn òfin 1807 tó ka òwò ẹrú léèwọ̀, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń já wọn sí Freetown. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun ń kó àwọn èèyàn wa, Yorùbá kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí kíkí wa tí kì í tán: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọdékùnrin ará Òṣogùn kan tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Àjàyí ni, ẹni tí a mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Nígbà tí iléèwé Fourah Bay bẹ̀rẹ̀ ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ta sì ni ọ̀gá iléèwé náà? Charles Haensel, ọmọ Jámánì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní àbùlà, ẹ wo ibi tí tiwa ti ṣàn wá: olùkọ́ ọmọ Jámánì, aládùúgbò tí wọ́n bí ní Virginia, àwọn ará ọjà láti Jàmáíkà, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Òṣogùn.

Èdè Krio tó jáde láti inú àpòpọ̀ yẹn ṣì wà títí di òní. Ẹ tẹ́tí sí i: blood ni blɔd, cup ni kɔp, trouble ni trɔbul. Lẹ́tà ɔ yẹn, ọ wa gan-an ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kan yapa, bíi come tó di kam, ṣùgbọ́n ọ ló gba ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ pé ọ yìí ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn dúdú láti ayé àtijọ́, láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín u rẹ̀ sí méjì, pé ó wà ní erékùṣù Karíbíà kó tó dé Freetown.

Láti 1839, àwọn Àkú bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, sí Àgbádárìgì, sí Èkó, sí Abẹ́òkúta. Àwọn ni a ń pè ní Sàró. Àwọn ni akọ̀wé, àwọn ni oníṣòwò, àwọn ni tíṣà. Nígbà tí wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó ní 1859, ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni Thomas Babington Macaulay, ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Sierra Leone, tó sì fẹ́ ọmọ Crowther. Nílùú Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1850, David Hinderer ni Òyìnbó ìjọ. Jámánì ni òun náà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọmọ Èkó tó jókòó sí kíláàsì ní 1860, tó gbọ́ tí tíṣà ń pe butter pẹ̀lú ọ, tó sì pè é bẹ́ẹ̀, ó gba máàkì ni. Kò ṣi ọ̀rọ̀ pè. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ọ̀nà kan wà tí a lè fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ẹ lọ sí Ghana. Èdè Twi ní a, ó sì ní ọ, bíi tiwa. Bó bá jẹ́ pé etí adúláwọ̀ tó bá ti ní ọ ló máa ń mú un fún bus, ó yẹ kí àwọn náà mú un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Ghana, a ni wọ́n fi ń pè é. Must lẹ́nu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi mast. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀rẹ́ ará Ghana, ẹ ní kó sọ ọ́. Àwọn ìjọ àti iléèwé tiwọn ní ìtàn ọ̀tọ̀, Sàró ò jọba níbẹ̀ bó ṣe jọba lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Hausa, ẹ̀yìn 1900 ni iléèwé Gẹ̀ẹ́sì tó múlẹ̀, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Òyìnbó. Ìdí nìyí tí èmi fi gbà pé nínú ìdáhùn méjèèjì, ti Freetown ló wúwo jù. Ẹni tó bá rò pé ti Lọ́ńdọ̀nù ni, kó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, a ò ní jà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí Chicago, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí bírí.

Ẹ rántí àwọn ọmọ Nova Scotia yẹn tí Amẹ́ríkà bí. Fáwẹ̀lì ti inú Amẹ́ríkà lọ sí Freetown, ó lọ sí Èkó, ó wọ báálù padà wá pẹ̀lú wa. A wá gúnlẹ̀ sí ìlú tí fáwẹ̀lì tirẹ̀ náà ò dúró lójú kan. Ní 1972, William Labov, onímọ̀ èdè tó di olóògbé ní 2024, àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ṣàlàyé ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ láwọn ìlú ńlá ẹ̀gbẹ́ adágún: Chicago, Detroit, Cleveland, Buffalo, Rochester. Àwọn fáwẹ̀lì kúkúrú Gẹ̀ẹ́sì ń sún. Ẹ wò ó bí èrò inú danfo: bí ẹnìkan bá sún, gbogbo ìjókòó á sún. Fáwẹ̀lì inú cat gòkè, ó ń dún bíi kíat. Ti sock wá jókòó síbi tó fi sílẹ̀, sock wá fẹ́ jọ sack. Ti bed fà sẹ́yìn. Fáwẹ̀lì tiwa, ti bus, ta ló tì í? Ti bed ló tì í. Òun náà bá fà sẹ́yìn, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ boss.

Ẹ ò gbọ́ ọ? Bus ń lọ sí ọ̀dọ̀ boss! Àwọn Labov gé ọ̀rọ̀ jáde láti inú ohùn àwọn ará Chicago, wọ́n ní kí àwọn èèyàn gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn èèyàn gbọ́ block, wọ́n kọ black. Wọ́n gbọ́ buses, wọ́n kọ bosses. Ará Chicago, ọmọ bíbí ibẹ̀, ni ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bọ́ọ̀sì wa pàdé lójú ọ̀nà, wọn ò sì rán an lọ sí kíláàsì kankan.

Ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ níbí, Labov wò ó pé odò àtọwọ́dá Erie ló fà á. Wọ́n ṣí i ní 1825 ní ìpínlẹ̀ New York, èrò láti oríṣiríṣi ibi rọ́ gba ibẹ̀ wá sí ìwọ̀ oòrùn, ohùn wọn sì dàpọ̀. Chicago tó jẹ́ ìlú kékeré tí èèyàn inú rẹ̀ ò tó 5,000 ní 1840 ti lé ní mílíọ̀nù kan ní 1890. Ibi tí ohùn bá ti dàpọ̀ báyẹn, fáwẹ̀lì á wá ibòmíì jókòó sí. Freetown náà nìyẹn, àbí?

Kì í ṣe gbogbo ará Chicago lọ̀rọ̀ yìí kàn o. Àwọn ènìyàn dúdú tí ìdílé wọn ti Mississippi àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù wá láàárín 1916 sí 1970, ohùn tiwọn lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì bá wọn sún. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun náà ti ń padà lẹ́yìn rẹ̀, torí wọ́n ti ń rí i bí ohùn àgbà. Lónìí, àwọn àgbàlagbà tó ń wá gbàtọ́jú lọ́dọ̀ wa ni ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu wọn jù.

Àbúrò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì ní kó bá òun mú sack òun wá. Sack ni etí rẹ̀ gbọ́, sack ni etí èmi náà gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àpò ẹrù bàbá náà wá. Bàbá na ẹsẹ̀ méjèèjì síta, ìbọ̀sẹ̀ ló ń béèrè. Ó wá sọ fún olùdarí wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n fún òun ní nọ́ọ̀sì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pe àbúrò yẹn jókòó, wọ́n fún un ní ìwé kíláàsì ohùn. Kò sí ẹni tó béèrè pé kí bàbá tún sock pè.

Ìdí tí mo fi ń gba ara mi sí ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Owó oúnjẹ èèyàn wà níbẹ̀. Ní 1981, Manuel Fragante, ọmọ Philippines, ṣe ìdánwò iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba ní Honolulu. Àwọn tó lé ní 700 ló ṣe é, òun ló gba ipò kìíní. Wọ́n ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún un, wọ́n ní ohùn rẹ̀ ò ní yé àwọn oníbàárà, wọn ò gbà á. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó pàdánù ní 1989. Òfin náà ń dáàbò bo ibi tí èèyàn ti wá, ṣùgbọ́n bí agbanisíṣẹ́ bá lè fi hàn pé ohùn ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́, ilé ẹjọ́ lè gbè é lẹ́yìn. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ máa sọ ọ́ bó ṣe wù yín, kí ẹni tí kò bá gbọ́ lọ jókòó. Wọ́ọ̀dù kọ́ ni ibi tí a ti ń ṣe agídí. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ ń tún ṣe àti ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ wá sí iwájú dígí báyìí. Ẹ pe ọ. Ẹ wò ó bí ètè yín ṣe ká. Ẹ má gbé ahọ́n kúrò níbi tó wà o, ẹ kàn fi ìka méjì fa igun ètè padà kó tẹ́. Ohun tó jáde yẹn, tí kì í ṣe ọ mọ́, tí kò sì tíì di a, òun gan-an ni. Ẹ fi sí inú cut, blood, lung. Kò gba oṣù kan.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà pọ̀ sí, ní tèmi. Orúkọ rẹ̀ ni fáwẹ̀lì kúkúrú, bẹ́ẹ̀ kúkúrú yẹn gan-an ni àwa kì í ṣe. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Bus jẹ́ sílébù kan, a fa fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn, a fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ sí i, a tún fi i kún ìdí rẹ̀: bọ́-ọ̀-sì. Ọ̀kan ni wọ́n fún wa, a sọ ọ́ di mẹ́ta. Nígbà tí a bá sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, gígùn yẹn máa ń bá wa lọ. Òyìnbó lè fara da ọ nínú pulse. Ohun tó máa ń da etí rẹ̀ rú ni kí pulse di ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ jẹ́ kó já bí okùn. Bí ọ̀rọ̀ bá fi p, t, tàbí k parí, kó tún kúrú sí i: cup kúrú ju cub lọ, but kúrú ju bud lọ. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù kí ẹ gbọ́ ọ.

Níbi iṣẹ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáwẹ̀lì nìkan. Joint Commission, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò, tí orílé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Oakbrook Terrace lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago níbí, ti là á kalẹ̀ láti 2003 pé bí dókítà bá pàṣẹ lórí fóònù, kí ẹni tó gbà á kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kà á padà fún un. Kì í ṣe nítorí àjèjì ni wọ́n ṣe é, àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ń gbọ́ ara wọn sódì. Fifteen àti fifty ló burú jù. Èmi kì í sọ fifteen lásán lórí fóònù. Màá ní fifteen, one five. Mi ò tíì rí dókítà tó bínú sí i.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ship àti sheep ló kàn. Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ sún mọ́ iwájú lọ́jọ́ náà o, torí mẹ́sàn-án ni fáwẹ̀lì àìránmúpè tiyín, kì í ṣe méje. Ọ̀kan nínú méjì tó lé yẹn sún mọ́ ti ship gan-an, ó sì wà lẹ́nu ìyá àgbà yín lábúlé láìsan kọ́bọ̀ fún kíláàsì kankan. Bí ìyá àgbà bá wà láyé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ó dàbọ̀.